Baálé Kékeré Orí Ògiri

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Ó ti pẹ́ tí o ti rí ìwé láti ọwọ́ mi, nítorí náà má ṣe máa yí i sí ẹ̀yìn sí iwájú bóyá ayédèrú ni. Èmi ni. Ìyá rẹ ló máa ń kọ̀wé sí ọ, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì lè di bírò mú láti ìgbà tí àìsàn ti mú un lápá kan. Wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Kò padà sílé. Ilé àbúrò rẹ̀ ló wà. Dókítà ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kan kò mọ ooru yàtọ̀ sí òtútù mọ́, pé yàrá tó bá máa sùn gbọ́dọ̀ wà lójú kan, ní ìwọ̀n mẹ́rìnlélógún, kó má gbóná jù, kó má sì tutù jù.

Àpótí tí o fi ránṣẹ́ ti dé, èyí tí wọ́n ń pè ní tẹ́mọ́sítáàtì, tó yẹ kó máa pàṣẹ fún ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ amúlégbóná, kí èyí sùn nígbà tí ìyẹn bá jí. Èmi àti oníṣẹ́ iná àdúgbò la jọ kàn án mọ́ ògiri. Ó-ti-parí là ń pe ọkùnrin náà, nítorí bó bá ti fọwọ́ kan wáyà báyìí, ohun tó máa sọ nìyẹn. Ó ní ó ti parí. Kò parí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní baálé nínú ilé mi. Ó kéré, ó funfun, kì í sọ̀rọ̀, kì í sì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó kọ márùndínlọ́gọ́rin sójú. Ìwọ̀n márùndínlọ́gọ́rin! Omi tó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ á bó ìyẹ́ lára adìyẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kó lè dé mẹ́rìnlélógún. Ó dé àádọ́ta, ó ní òun ò lọ mọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ké láti àárọ̀ di ọ̀sán, omi ń ṣàn lójú fèrèsé, èmi sì wọ kóòtù méjì jókòó nínú pálọ̀ ara mi bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ ojú irin.

Ìyá rẹ wá ṣòfin. Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́, kì í ṣe Ó-ti-parí. Ọjọ́ tí ọmọ mi bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé yẹn dára ni màá padà síbẹ̀." Ọdún mẹ́tàlélógójì la ti jọ ń gbé. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún bẹ àwọn ilé-ìwé wò, tí mo ń sọ èyí tó yege àti èyí tó kùnà, ìwọ ló wá fi ṣe olùbẹ̀wò lé mi lórí.

Jọ̀ọ́, kọ ohun tí a máa ṣe. Àbí kí n pè ọ́ lórí fóònù?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Orúnkún náà ń dùn mí ní ti òótọ́, nítorí láti àárọ̀ ni èmi àti ọ̀gá mi ti wà ní abẹ́ ilẹ̀ ilé ìwòsàn kan níbí, tí à ń tú páìpù. Ẹ kú ìnira ìyá mi. Ẹ kú òtútù. Ẹ kú oríire baálé tuntun.

Ẹ má pè mí. Lórí fóònù, ẹ ò ní jẹ́ kí n parí gbólóhùn kan. Inú ìwé nìkan ni ẹ ò ti lè já lu ọ̀rọ̀ mi.

Bàbá, kò sí adìyẹ tó fẹ́ bó nílé yín. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń ka ooru láyé yìí. Nínú ọ̀kan, omi máa ń hó ní ọgọ́rùn-ún. Nínú èkejì, ó di igba ó lé méjìlá. Ọ̀nà kejì yìí ni àpótí náà ń lò nígbà tó jáde nínú páálí. Márùndínlọ́gọ́rin tirẹ̀ ni mẹ́rìnlélógún tiyín. Ìyẹn ni pé ilé náà dára gan-an nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

Ìwé ìlànà wà nínú páálí. Mo mọ̀ pé ẹ ò kà á. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ní kí àwọn ẹlòmíì kàwé, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè ka tiẹ̀? Ẹ tẹ bọ́tìnì àárín, ẹ má tètè gbé ìka kúrò, ẹ ka ení dé èje. Ojú rẹ̀ á yí padà. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí, kí ẹ sì yí i sí èyí tí omi ti ń hó ní ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i láti fọwọ́ kan wáyà, ẹ kọ́kọ́ pa iná gbogbo ilé níbi súwíìṣì ńlá. Ẹ sọ fún Ó-ti-parí pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀, pé ènìyàn náà lè parí.

Bí yàrá ìyá mi bá dúró ní mẹ́rìnlélógún fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, màá kọ ohun tó ń retí. N kò ní kọ ọ́ ṣáájú ìgbà náà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í fi ojú àánú ṣe àbẹ̀wò.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí orúnkún rẹ. Mo tẹ bọ́tìnì, mo ka ení dé èje, baálé yí ojú padà, ó sì di ọmọlúwàbí fún odindi ọjọ́ kan àtààbọ̀. Lẹ́yìn náà ló ya wèrè.

Nínú ìwé ìlànà (mo ti kà á, kí ọkàn rẹ balẹ̀), wọ́n ní ènìyàn lè pín ọjọ́ sí àsìkò, kí àsìkò kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Inú mi dùn. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Mo wá rúlà, mo fa ìlà, mo ṣe tábìlì tó mọ́ lójú: àsìkò mẹ́jọ, ogójì ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìsinmi kúkúrú lẹ́yìn ìkẹta, ìsinmi gígùn lẹ́yìn ìkarùn-ún. Mo ní nígbà ìsinmi, kí ẹ̀rọ náà sinmi. Wákàtí méjì ni mo fi tẹ gbogbo rẹ̀ wọ inú àpótí. Ní báyìí, bí aago bá lu méjì ọ̀sán, tí oòrùn dúró gangan lórí òrùlé, ẹ̀rọ amúlégbóná ló máa ń dáhùn. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́ tí eyín ń gbá eyín lẹ́nu, amúlétutù á bẹ́ sókè. Ó-ti-parí wá wò ó. Ó káwọ́ lẹ́yìn, ó mi orí, ó ní bóyá baálé náà kò kàn fẹ́ràn wa ni.

Mo lọ wo ìyá rẹ lánàá. Mo ní ó kù díẹ̀. Ó ní, "Ìwé ọmọ mi dà?" Mo ní kò tíì dé. Ó yíjú sí ògiri. Kò sí àyè nílé àbúrò rẹ̀. Yàrá tí gbogbo ilé ń gbà kọjá sí ẹ̀yìnkùlé ló ń sùn, wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ń tì í. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ó tutù bí irin, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ rúlà. Orí òrùlé ilé alájà mẹ́wàá ni mo wà nígbà oúnjẹ ọ̀sán, tí mo ń ka ìwé yín sétí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, tí mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Èyí tó ga jù nínú wọn rẹ́rìn-ín títí sípánà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń béèrè ìgbà tí ìsinmi gígùn tiwa máa bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà mẹ́rin péré ni àpótí yẹn mọ̀ lójúmọ́: ìgbà tí onílé jí, ìgbà tó jáde, ìgbà tó wọlé, ìgbà tó lọ sùn. Bí ẹ bá ti ìkarùn-ún bọ̀ ọ́, á nu àkọ́kọ́ kúrò kó lè rí àyè fún un. Bí ẹ ṣe ń kó mẹ́jọ lé e lórí, bẹ́ẹ̀ lẹ ń fi òwúrọ̀ rọ́pò ọ̀sán. Kò ya wèrè o. Àṣẹ yín ló ń tẹ̀lé, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ṣe pa á. Mo mọ ẹlòmíì tó gbìyànjú rẹ̀ rí nílé yẹn, òun náà kò gba oríyìn.

Ìyá mi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó wà lórí ibùsùn kì í jáde, kì í sì í wọlé. Ẹ pa gbogbo tábìlì yẹn rẹ́. Ìwọ̀n kan ṣoṣo, tọ̀sán-tòru, láìsí ìsinmi kúkúrú.

Ẹ bá mi fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tún lọ. Ọwọ́ yín ni kí ẹ fi wọn omi náà wò, kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo pa tábìlì rẹ́. Ó dùn mí díẹ̀. Ìlà rẹ̀ gún. Mo fọ ẹsẹ̀ ìyá rẹ pẹ̀lú.

Baálé ń sọ nísinsìnyí pé mẹ́rìnlélógún, ó sì tẹnu mọ́ ọn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Irọ́ funfun báláú ni. Mo gbé ìwọ̀n ooru kékeré tí nọ́ọ̀sì fún wa sórí ibùsùn ìyá rẹ: méjìdínlógún. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo pa súwíìṣì ńlá, mo tún un tàn. Mo gbá a létí díẹ̀, ohun tí n kì bá tí sọ fún ọ. Méjìdínlógún. Ó-ti-parí ní ohun tí o rà ti bàjẹ́ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Èmi kò wí bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí Ó-ti-parí wí ni mo ń wí.

Ìyá rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Mo rò ó títí, mo ní kí n sọ ọ́ ní gbangba: kọ ìwé náà. Kọ pé ilé dára, jẹ́ kó wálé, a ó máa tún ìyókù ṣe bó bá ti wà lórí ibùsùn ara rẹ̀. Ìlà kan ni. Ṣé ìlà kan lórí bébà ló wá tóbi lójú rẹ ju ìyá rẹ lọ?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ má bínú pé ìwé yìí pẹ́. Mo ti kọ èsì mìíràn ṣáájú, kò ṣeé fi ránṣẹ́ sí bàbá ẹni.

Ẹ ní kí n kọ̀wé sí ìyá mi pé yàrá tó wà ní méjìdínlógún dára. Kó lè gbé ẹsẹ̀ tí kò mọ òtútù wọ inú rẹ̀, kó sì dùbúlẹ̀ nítorí pé ó gbà mí gbọ́. Ẹ kú ọgbọ́n. Bí olórí ilé-ìwé kan bá bẹ̀ yín bẹ́ẹ̀ nígbà iṣẹ́ yín, pé kí ẹ kọ pé òrùlé òun kò jò, kí òun máa tún un ṣe bí àwọn ọmọ bá ti wọlé, kí lẹ máa kọ sínú ìwé rẹ̀?

Àpótí yẹn kò bàjẹ́, kò sì purọ́. Ibi tó wà nìkan ló mọ̀, òótọ́ ibẹ̀ ló sì ń sọ. Bó bá ń sọ pé ibẹ̀ móoru nígbà tí yàrá tutù, ohun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń mú ara rẹ̀ gbóná, òun náà á sì máa pe amúlétutù títí. Mo fi ọwọ́ mi kọ ọ́ sórí bébà kan nínú páálí pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnu yàrá ìyá mi ni kí ẹ kàn án mọ́.

Níbo lẹ kàn án mọ́? Ẹ kọ gbogbo ohun tó wà lára ògiri náà fún mi, láti ilẹ̀ dé àjà. Ẹ má fo ọ̀kankan.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Ní ti ìlà kan yẹn, o jàre mi. Ojú tì mí.

Láti ilẹ̀ dé àjà: tábìlì kékeré kan. Àwòrán mi lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Ìwé ẹ̀rí mi mẹ́fà nínú férémù. Lókè wọn, iná gbọọrọ kan tí mo ní kí Ó-ti-parí fi síbẹ̀ kí àlejò lè rí wọn kà, tí n kì í sì í pa. Lábẹ́ iná náà gan-an, láàárín ìwé ẹ̀rí kẹta àti ìkẹrin: baálé. Ògiri pálọ̀ ni. Mo rí bébà rẹ. Mo kà á. Mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Kì í ṣe kí o lè dá mi láre.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni ọ́ nígbà tí o gba òmìnira iṣẹ́. O ra ẹ̀rọ amúlétutù fún mi, o gun àkàbà, o fi ọjọ́ méjì so ó mọ́ inú pálọ̀, o sì fa páìpù afẹ́fẹ́ rẹ̀ dé yàrá ìyá rẹ. Àwọn olùbẹ̀wò ẹgbẹ́ mi wá kí mi. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀rọ yìí mà dákẹ́ o! Ta ló bá yín ṣe é?" Mo ní, "Ọ̀gá kan ni mo gbà." Ìwọ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú omi àwọn àlejò nínú tíréè. O gbé e kalẹ̀, o ní "Ẹ káàbọ̀, sà," o sì jáde. Mo rí ọ bí o ṣe jáde. Mo ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń sọ fún ènìyàn pé iṣẹ́ ló gbé ọ lọ sí òkè-òkun. Èmi ni mo lé ọ lọ. Mo ń tijú pé ọmọbìnrin mi ń gun àkàbà, èmi tí n kò lè dá so gílóòbù kan. Ẹ̀rọ yẹn kò bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí, gbogbo ìgbà tó bá sì ń fẹ́ sí mi lára ni mo ń rántí.

Nígbà tí àpótí yìí dé, mo fẹ́ kó wà níbi tí ojú àlejò kò ní fò ó, kí ẹnì kan lè tún bi mí ní ìbéèrè yẹn. Ènìyàn mẹ́fà ti bi mí. Mo ní ọmọ mi obìnrin ni, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni, òun náà ló ṣe ti òkè yẹn, irọ́ ni mo pa nígbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́sí rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Bàbá, a mọ̀. Gírísì ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ náà." Gbogbo wọn mọ̀. Èmi nìkan ni mo rò pé mo fi nǹkan pamọ́.

Mo ṣẹ̀ ọ́. N kò ní fi òwe kankan sí i.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Inú mọ́tò iṣẹ́ ni mo ti ka ìwé yín. Ọ̀gá mi wo ojú mi, ó ní ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, bàbá mi ló kan tẹ́mọ́sítáàtì mọ́ abẹ́ iná. Ó ní tóò, ìyẹn náà tó ohun tí ènìyàn ń sunkún sí lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Lọ́jọ́sí, àlejò lẹ ń wò. Lọ́tẹ̀ yìí náà, àlejò ni. Ẹ fi mí pamọ́ fún wọn, ẹ tún wá pàtẹ mi fún wọn, ẹsẹ̀ ìyá mi ló sì ń gba òtútù rẹ̀. Ìgbà wo ló máa kan àwa tí a ń gbé inú ilé?

Ẹ tú u. Ẹ gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó wà ní ìwọ̀n èjìká yín, níbi tí oòrùn kì í dé, tí atẹ́gùn ilẹ̀kùn kì í fẹ́ sí, tí àlejò kankan kì í sì í gbà kọjá. Ẹ fi nǹkan dí ihò tí wáyà gbà jáde lẹ́yìn rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ inú ògiri má máa tàn án jẹ. Lẹ́yìn náà, fún ọjọ́ méje, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ẹ ka ìwọ̀n nọ́ọ̀sì lórí ibùsùn ìyá mi, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí.

Ní ti ohun yòókù tí ẹ kọ, mo ti gbọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà báyìí, nínú òkùnkùn díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gbé kúrò ní ipò ọlá. Mo fi òwú dí ihò náà. Ó-ti-parí la ẹnu láti sọ̀rọ̀, mo ní kó pa á dé títí èsì ọmọ mi yóò fi dé.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógún, mo sì fi bébà rẹ̀ sínú àpò ìwé yìí. Mẹ́rìnlélógún ló pọ̀ jù níbẹ̀, mẹ́tàlélógún wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ àárọ̀. Àmọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀bi mi ni. Mo ní kí n lọ aṣọ ibùsùn ìyá rẹ sílẹ̀ dè é. N kò lọ aṣọ rí láyé mi. Mo ti ilẹ̀kùn nítorí kí ẹnikẹ́ni má bàa rí mi, mo sì lọ̀ ọ́ fún wákàtí kan àtààbọ̀ nínú yàrá náà, irin gbígbóná, ilẹ̀kùn títì, èmi pẹ̀lú òógùn. Aṣọ náà ṣì hunjọ. Mo mú bírò láti kọ mẹ́rìnlélógún síbẹ̀, torí pé mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi àpótí. Mo kọ méjìdínlọ́gbọ̀n.

Bí o bá ní kí n tún ọ̀sẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, màá tún un bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ikọ́, àmọ́ kò béèrè ìgbà tó máa padà mọ́. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Bébà kékeré tí mo ká pọ̀ nínú ìwé yìí kì í ṣe tiyín. Ẹ gbé e lọ fún ìyá mi, kí ẹ má sì kà á lójú ọ̀nà. Ẹ máa kà á ṣá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí: "Ìyá mi, ilé náà dára. Ẹ máa lọ sílé."

Bó bá jẹ́ pé mẹ́rìnlélógún lẹ kọ lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógún, n kì bá tí kọ ọ́. Kò sí ilé tó rí bẹ́ẹ̀. Méjìdínlọ́gbọ̀n yẹn ló jẹ́ kí n gba ogún yòókù gbọ́. Ẹ má lọ aṣọ mọ́ nínú yàrá yẹn. Ẹ má lọ aṣọ mọ́ níbikíbi, ó dà bíi pé kò bá ara yín mu.

Ilé yege. Ẹni tó ni ín ṣì wà lábẹ́ àbẹ̀wò. N kò tíì dá ọjọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Ìyá rẹ wọlé lánàá, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ó fi apá òsì rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn, ìwé rẹ sì wà láyà rẹ̀. Ó jókòó sétí ibùsùn. Ó fi ọwọ́ tó dára pa aṣọ ibùsùn náà lára, ó wo bó ṣe hunjọ. Ó tún wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ó tutù."

Mo ní, "Olùbẹ̀wò ti fọwọ́ sí i."

Ó ní, "Ṣé olùbẹ̀wò ló fẹ́ sùn síbẹ̀?"

Mo lọ gbé ìwọ̀n nọ́ọ̀sì wá. Mẹ́rìnlélógún géérégé. Ó ní kí n gbé ìyẹn kúrò lójú òun. Mo ní ṣé kí n fi méjì kún un nínú àpótí. Ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ̀yin kọ́ lẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí i. Ẹ ní ìyá rẹ̀ ní ó tutù. Ẹ ní kó wá wò ó fúnra rẹ̀."

Mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ, ọ̀nà sì jìn, bóyá o kò tíì fẹ́ rí mi sójú. Ó ní òun ò ránṣẹ́ nípa tèmi, nípa òtútù ni òun ń ránṣẹ́.

Mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Ó ti ń sùn báyìí, ó ń hanrun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sì móoru lọ́wọ́ mi. Ó ní bí òun bá jí, ohun tí òun máa kọ́kọ́ béèrè ni bóyá mo ti kọ ọ́.

Mo ti kọ ọ́.

Bàbá rẹ.